Ìdí Tí Ìyá Ìpetu Fi Ń Kọ̀wé

Wínípẹ̀gì, Kánádà
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹta, 2024

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ooru, torí mo gbọ́ pé èyí tó ń mú ní Òṣogbo báyìí kì í ṣe kékeré. Níbí, yìnyín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ga tó orúnkún. Bólúwatifẹ́ ọkọ mi ní kí n bá òun kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Mo lérò pé ẹ ò tíì dáwọ́ oògùn náà dúró.

Màmá, ẹ máa bi ara yín pé kí ló dé tí mi ò kàn pè yín ní Sọ́ńdè bí mo ṣe máa ń ṣe. Tí mo bá pè, a ó kí ara wa, ẹ ó ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, èmi náà ó ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, a ó sì dágbére kí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó pé. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sínú ímeèlì.

Obìnrin kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọmọ Ìwó ni, Ìyáàfin Rájí là ń pè é. Tá a bá ti jókòó láti jẹun ọ̀sán, ó máa ń ka nǹkan Yorùbá sí mi létí látorí fóònù rẹ̀, ó ní kí èdè má baà sá kúrò lẹ́nu wa. Ní Túsìdeè tó kọjá, ó ní, "Tómi, wá gbọ́ ìyá kan tí mo ń ka búlọ́ọ̀gì ẹ̀ o. Ìyá yìí mọ̀ ọ́n kọ." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lókè òkun. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà sọ fún un lórí fóònù pé, "Ẹ má pè mí mọ́."

Mo ṣì ń jẹ ìrẹsì mi. Mo ní lọ́kàn mi pé kì í ṣe èmi nìkan ló ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá kà á débi tí ọmọ náà ti jábọ́ látorí igi obì nínú oko bàbá rẹ̀ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí ìyá rẹ̀ rán orúnkún rẹ̀ lójú mẹ́fà, tí ọmọ náà ò sunkún rárá àfìgbà tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti ba aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì òun jẹ́.

Màmá, mo fọwọ́ kan orúnkún mi lábẹ́ tábìlì.

Ìyáàfin Rájí kà á tán, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Irú ọmọ wo lèyí, Tómi? Kéèyàn sọ fún ìyá tó bí i lọ́mọ pé kó má pe òun mọ́?"

Mo ní, "Bóyá ó nídìí."

Ó ní, "Ìdí wo? Kò sídìí kankan."

Ó wá ń ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní ọmọ aláìmoore ni. Ẹnì kan ní òyìnbó ti gba iyè rẹ̀. Ẹnì kan gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má fún òun nírú ọmọ bẹ́ẹ̀, Ìyáàfin Rájí sì ṣe àmín, níwájú mi, toun ti oúnjẹ lẹ́nu.

Nígbà tí mo délé, mo wá búlọ́ọ̀gì náà kàn. "Ìwé Ìyá Ìpetu." Àwòrán fèrèsé yàrá yín ló wà lókè rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tẹ́ ẹ ti ń kọ ọ́, ẹ ò sì sọ fún mi. Mi ò kà ju ẹyọ kan yẹn lọ. Mi ò lè kà á.

Kí ló dé, Màmá? Kí ni mo fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi ń kó ọ̀rọ̀ wa fún àwọn tí ò mọ̀ wá rí? Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ọmọ yín,
Tómilọ́lá


Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2024

Tómi ọmọ mi, Àbẹ̀bí mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ṣeun, mo kí ọ fún òtútù, mo kí ọ fún iṣẹ́. Kí Bólúwatifẹ́ fún mi, sọ fún un pé màmá rẹ̀ ní Iléṣà yọjú sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara wọ́n le. Ẹsẹ̀ mi ti sàn díẹ̀.

Kí n má purọ́, nígbà tí mo rí i bí lẹ́tà náà ṣe gùn tó, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní ọmọ mi ti rántí mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Nọ́síràtù ní ṣọ́ọ̀bù pé kó bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kí n lè kà á dáadáa. Ìgbà tí mo kà á débi ọ̀rọ̀ Ìyáàfin Rájí ni mo tó jókòó.

O ò mọ Nọ́síràtù. Òun ló ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn nísàlẹ̀ ilé wa, obìnrin gidi ni, ọmọ mẹ́ta ló ní. Òun ló kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà, tó sì la búlọ́ọ̀gì náà sílẹ̀ fún mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń gbẹ̀bí, Tómi. Kò sí wákàtí tí wọn kì í kan ilẹ̀kùn mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo kó wá sílé bàbá rẹ níbí, kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn mọ́. Bàbá rẹ ti lọ, ìwọ náà ò sí nílé. Èèyàn á jí, á gbálẹ̀, á jẹ ẹ̀kọ, aago mẹ́jọ ò ní tíì lù. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, mo rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé àṣìṣe wà nínú Yorùbá mi, pé mo kọ "ulé" níbi tó yẹ kí n kọ "ilé". Mo dá a lóhùn pé kì í ṣe àṣìṣe, Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ara mi yá títí dalẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ti àwọn tó bú ọ, o ò kà á dópin ni. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ má bú ọmọ mi. Ìròyìn ni mo ń ṣe, mi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́." Àwọn mìíràn tọrọ àforíjì. Mi ò sì kọ orúkọ rẹ síbì kankan, mi ò kọ orúkọ ìlú tó o wà.

Àbí ìtìjú ló ń ṣe ọ́? Tó bá jẹ́ torí pé mo ń sọ̀rọ̀ oko obì àti ìgbọ̀nsẹ̀ ọmọ tuntun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, sọ fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún ní ojú tẹ́ ẹ fi ń wo nǹkan.

Má tíì ní kí n yọ ọ́. Ka ìyókù ná. Tẹ́nì kan bá sì ń bọ̀ nílé, bá mi fi awò ìkàwé ránṣẹ́, eléyìí ti ń mú ojú ro mí.

Ìyá rẹ,
Fẹ̀hìntọlá


Wínípẹ̀gì
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹta, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Màá wá awò náà.

Ẹ ò dáhùn ohun tí mo béèrè. Ẹ sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ sọ̀rọ̀ "ulé". Ìtìjú kọ́ ló ń ṣe mí. Ta ló ń tijú oko obì? Obì bàbá mi ló rán mi níwèé.

Ẹ kọ ọ́ pé mo ní kẹ́ ẹ má pè mí mọ́. Ẹ ò kọ ìdí rẹ̀. Àwọn èèyàn yín ń bú mi torí wọn ò mọ̀ pé oyún oṣù mẹ́jọ ló wà lára mi nígbà tí ọmọ náà kú sínú. Wọn ò mọ̀ pé mo rọbí odindi ọjọ́ kan láti bí ọmọ tí gbogbo wa mọ̀ pé kò ní ké. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá ń pè mí, ìgbà mẹ́sàn-án lóòjọ́. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dín kù? Ṣé ọmú rẹ ń le? Fi aṣọ di í. Fi omi gbígbóná jókòó. Má gbé nǹkan tó wúwo. Kí n dúpẹ́ pé èmi fúnra mi ò bá a lọ, pé ọmọdé ni mí, pé òmíràn á wá. Màmá, nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi nílé ìwòsàn. Mi ò nílò ìkẹrin. Mo ń wá ìyá mi nínú fóònù yẹn, nọ́ọ̀sì ló ń gbé e. Ohùn yín ò gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má pè mí mọ́ nìyẹn.

Mo wá rí i báyìí pé ẹ lẹ́nu, pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó ń dunni. Ẹ lè sọ ọ́ fún Ìyáàfin Rájí, ẹ lè sọ ọ́ fún gbogbo ayé, èmi nìkan lẹ ò lè sọ ọ́ fún.

Mi ò ka ìyókù. Mi ò ní kà á.

Tómilọ́lá


Òkè-Baálẹ̀
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2024

Tómi,

Mo ti ní kí Nọ́síràtù pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kì í ṣe ẹyọ kan yẹn nìkan. Tí Ìyáàfin Rájí bá wá a, kò ní rí i mọ́.

Má bínú sí mi. Máa jẹun dáadáa. Kí Bólúwatifẹ́ fún mi.

Ìyá rẹ


Wínípẹ̀gì
Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Kẹrin, 2024

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde tó kọjá. Ẹ kú òjò, Bólúwatifẹ́ ní wọ́n sọ fún òun pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Iléṣà. Mo ti fi awò náà rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀.

Mo ti pè yín ní Sọ́ńdè mẹ́rin léraléra. Ẹ ń gbé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣe lẹ̀ ń dá mi lóhùn bí ẹni tó wà nínú ìpàdé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tá a ń lò tẹ́lẹ̀ ti di méjì. Mo bi yín pé ṣé ẹ ń bínú, ẹ ní rárá. Mo bi yín pé kí lẹ ṣe lánàá, ẹ ní kò sí nǹkan.

Ìyáàfin Rájí ń da ọkàn mi láàmú. Ó ṣí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá a tí kò rí i, ó ní, "Ìyá Ìpetu ti dákẹ́ o. Tómi, ṣé kì í ṣe pé ó ti kú?" Mo ní kò kú. Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Mo dìde lọ fọ abọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, ó ń dárúkọ yín nínú àdúrà kó tó jẹun. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kọ òun sílẹ̀, ẹ kọ nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ tí kò fẹ́ mu ọmú lọ́kàn balẹ̀, pé òun ò lọ́mọ ọwọ́, ṣùgbọ́n òun kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe lẹ ṣe. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, kò balẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi, Màmá. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ bú mi, ẹ sáà kọ̀wé.

Ọmọ yín,
Tómilọ́lá


Òkè-Baálẹ̀
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Karùn-ún, 2024

Àǹtí Tómilọ́lá,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú àjò. Èmi ni Nọ́síràtù tó ń tẹ̀wé nísàlẹ̀ ilé Màmá. Kí ọkàn yín balẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa ka ìyókù: ara Màmá le, alihamudulilahi, kò sí àìsàn kankan.

Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí. Màmá ló gbẹ̀bí ọmọ mi kẹta, lórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù mi yìí, nígbà tí a ò rí mọ́tò. Ojú ìyá mi ni mo fi ń wò wọ́n.

Wọ́n rí lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ gbẹ̀yìn. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Inú báàgì wọn ló wà, wọ́n ti kà á títí ojú ìwé ti fẹ́ já. Mo ní, "Màmá, ẹ fèsì." Wọ́n ní, "Nọ́síràtù, kí ni mo fẹ́ kọ sí i tí kò ní dùn ún?" Láràárọ̀ tí mo bá ṣílẹ̀kùn, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa ń lò, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e. Tó bá yá, wọ́n á ní, "Mo gbàgbé, mi ò ní nǹkan kọ." Wọ́n á dìde padà. Ó ń ṣe mí láàánú.

Nígbà tí wọ́n ní kí n pa á rẹ́, ọwọ́ mi ò lọ síbẹ̀. Mo tì í pa ni, kí ẹnikẹ́ni má lè rí i. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo jẹ́wọ́ fún wọn. Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹta, wọ́n dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Fi ránṣẹ́ sí i. Tó bá wù ú kó kà á, tí kò bá wù ú kó má kà á. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́kọ́."

Gbogbo rẹ̀ nìyí, mo so ó mọ́ lẹ́tà yìí. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi ni tiyín,
Nọ́síràtù


Wínípẹ̀gì
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2024

Yèyé mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo gba àyè ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́, mo sì ka gbogbo rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gọ́rin. Bólúwatifẹ́ jókòó tì mí, nígbà tí mi ò bá lè kà á mọ́, òun á gbà á kà.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo ní kẹ́ ẹ má pè mí mọ́ lẹ kọ àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ pé: "Mo gbé fóònù, mo tún gbé e sílẹ̀. Ọmọ mi ní kí n má pe òun. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún un lónìí nìyí, màá kọ ọ́ síbí kó má baà pa mí: tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé ti hù. Mo sun iṣu, mi ò jẹ ẹ́ tán." Ó parí síbẹ̀. Kò sẹ́nì kankan tó kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀.

Ìkejì, "Ohun tí mo fẹ́ sọ fún un lónìí nìyí." Ìkẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Mo ń ka iye ìgbà tẹ́ ẹ kọ gbólóhùn yẹn, mo dá a dúró nígbà tó di ogójì. Ìtàn obìnrin tó bímọ sẹ́nu ihò tí wọ́n ti ń wa góòlù ní Ìperíndó, ti bàbá tó sá jáde nígbà tó gbọ́ pé ìbejì ni, ti ọ̀sán tí òjò bá yín nínú oko obì, gbogbo ẹ̀, èmi lẹ ń sọ ọ́ fún. Mo ti rò pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mi fún ayé ni. Mi ò mọ̀ pé èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo dé ìkejìlá, mo ní kí Bólúwatifẹ́ gbà á. Ó ka eléyìí sókè: "Lónìí, mo tú àpò tí mo dì sílẹ̀ fún Kánádà. Òrí, ọṣẹ dúdú, ìró méjì tí màá fi pọn ọmọ. Físà dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá tí gbogbo nǹkan ti bà jẹ́. Ọmọ tí mo ti fọwọ́ ara mi gbà lé ní ẹgbẹ̀rún. Tèmi wá, mi ò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń pe ọmọ mi, mo ń bá a sọ̀rọ̀ bíi nọ́ọ̀sì lórí fóònù torí pé tí mo bá sọ̀rọ̀ bí ìyá, màá bú sẹ́kún, ọmọ á gbọ́, òun lá wá máa rẹ̀ mí lẹ́kún. Tí mo bá ti pa fóònù, mo máa ń lọ jókòó sínú ilé ìwẹ̀."

Màmá, mi ò mọ̀. Ẹ dárí jì mí. Àwọn tó pè mí lọ́mọ aláìmoore ò jìnnà sí òótọ́.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín, tí mi ò sọ fún ìyá Bólúwatifẹ́, tí a ò sọ fún ẹnikẹ́ni. A gbé ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, a gbé e fún wákàtí méjì. Obìnrin ni. A sọ ọ́ lórúkọ, torí nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé ohun tó yẹ kéèyàn béèrè ni. Tiwalolúwa la sọ ọ́. Tiwa là ń pè é láàárín ara wa, títí dòní. A mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, pé wọn kì í sọ ọ́ lórúkọ, pé wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa ní mo ṣàṣejù.

Ẹ ṣí búlọ́ọ̀gì náà padà. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí i tó bá wù yín. Mi ò bínú mọ́.

Ọmọ yín,
Tómilọ́lá


Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2024

Àbẹ̀bí mi,

Dìde ńlẹ̀. Má kúnlẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tó o ṣe tí mo ní láti dárí jì ọ́, bó bá sì wà, mo ti dárí rẹ̀ jì ọ́ kó o tó ṣe é. Awò dé, ó bójú mi mu. Òun ni mo fi ka lẹ́tà rẹ.

Ó pẹ́ kí n tó fèsì torí pé mo lọ sí Ìperíndó. Fara balẹ̀, kí n ròyìn ẹ̀ fún ọ.

Tómi, láàárín ọdún márùndínlógójì, gbogbo obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú sínú, tó bí i sọ́wọ́ mi, ohun kan náà ni mo sọ fún wọn. Mo ní, "Má wò ó." Màá fi aṣọ bò ó, màá yára gbé e jáde. Mo ní kí wọ́n má sọ ọ́ lórúkọ, kí wọ́n má bi mí bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, mo sì rò pé àánú ni mò ń ṣe wọ́n. Ìgbà tí mo kà á pé nọ́ọ̀sì òyìnbó béèrè orúkọ ọmọ rẹ, mo pa ìwé dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìperíndó. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Ìyá Ọdúntán, oko kòkó lòun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀ lọ́dún 1998, òkú ọmọ ló bí kó tó wá bí Ọdúntán. Mo bá a níbi tó ti ń sá kòkó. Ó rò pé ìwòsàn ni mo bá wá. Mo jókòó tì í, mo ní, "Mo wá bẹ̀ ọ́. Ọmọ rẹ ìgbà yẹn, mi ò jẹ́ kó o rí i."

Ó ń da kòkó rú lọ ní tiẹ̀. Ó ní, "Mo rí i, Nọ́ọ̀sì."

Mo ní, "Báwo?"

Ó ní, "Ẹ kọ̀yìn sí mi, ẹ ń fọwọ́. Mo ṣí aṣọ náà. Ọkùnrin ni. Ó jọ bàbá mi." Ó wá wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún."

A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí kòkó. Ó fún mi ní obì tí mo fi padà sílé.

Mo ti ṣí búlọ́ọ̀gì náà padà. Mo yọ ẹyọ kan yẹn kúrò, gbogbo ìyókù wà níbẹ̀. Sọ fún Ìyáàfin Rájí pé mi ò kú o, kó má sìnkú mi. Bó o bá fẹ́ sọ fún un pé èmi ni ìyá rẹ, sọ fún un. Bí kò bá wù ọ́, jẹ́ kó máa bá a lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò kọ orúkọ Tiwa síbẹ̀. O ṣeun tó o gbà mí láyè, mo rò ó títí, ọwọ́ mi ò gbà á. Àwọn tó ń ka ìwé mi, èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Bíbélì wa ni mo gbé kalẹ̀. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, ibi tí bàbá rẹ kọ ọjọ́ tí mo fẹ́ ẹ sí, tó kọ ọjọ́ tí mo bí ọ sí, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ yẹn, àyè ṣì wà nísàlẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: Tiwalolúwa, ọmọ Tómilọ́lá àti Bólúwatifẹ́. Mi ò kọ pé ó kú. Mo kọ ọjọ́ tó dé, mo fi mọ bẹ́ẹ̀.

Pè mí ní Sọ́ńdè. Mi ò ní bi ọ́ nípa ẹ̀jẹ̀, mi ò ní bi ọ́ nípa oúnjẹ. Mo fẹ́ kó o ròyìn rẹ̀ fún mi, bí wọ́n ṣe ń ròyìn ọmọ tuntun fún ìyá àgbà tí kò sí níbẹ̀. Ta ló jọ? Ìka rẹ̀ gùn bíi ti Bólúwatifẹ́ ni àbí ó kúrú bíi tèmi? Irun rẹ̀ ńkọ́, Tómi? Ṣé irun rẹ̀ pọ̀?

Ìyá rẹ, ìyá àgbà Tiwa,
Fẹ̀hìntọlá